Elzbach, Saar tàbí Altmühl: àfonífojì odò wo ní Jámánì ni kí ẹ fi ọjọ́ kan rìn yípo?

Bí ẹ bá ń gbé ní Jámánì, tàbí ẹ wá kí ẹbí níbẹ̀, tí ọjọ́ Sátidé kan sì ṣí sílẹ̀ fún yín, ọ̀nà tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn yípo ní ìgbèríko kò lóǹkà. Àwọn ará Jámánì kì í fi ìrìn ẹsẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní àjọ tó ń yẹ ọ̀nà igbó wò, tó ń fún èyí tó bá peregedé ní àmì ẹ̀yẹ, tó sì ń padà wá wò ó lẹ́yìn ọdún díẹ̀ bóyá wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Òfin wọn gbà kí ẹnikẹ́ni wọ inú igbó lọ gbafẹ́, ìbáà jẹ́ igbó ìjọba, ìbáà jẹ́ ti aládàáni. Ọ̀nà wà rẹpẹtẹ. Èyí tí ẹ máa mú ni iṣẹ́.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Gbogbo wọn wà ní àfonífojì odò, gbogbo wọn ṣeé rìn parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí kò ní mọ́tò sì lè fi rélùwéè dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Elzbach tó wọ odò Mosel, ibi tí odò Saar ti lọ́ po ní Mettlach, àti Altmühl ní Solnhofen, ìpínlẹ̀ Bavaria. Wọn ò jọra rárá, ẹni tí ọ̀kan bá sì yẹ lè kàbùkù lórí èkejì.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan ọ̀nà. Wọ́n rí ilé olódi kan nínú kùrukùru lórí fóònù, ó parí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ. Fọ́tò kì í sọ iye ìgbà tí ẹ máa gun òkè. Kì í sọ bóyá ẹni tí orúnkún ń dùn lè yà kúrò láàárín ọ̀nà.

Ìrìn yípo yàtọ̀ sí àlọ-àbọ̀. Nínú àlọ-àbọ̀, ìgbà tó bá wù yín lẹ lè ṣẹ́rí padà, ọ̀nà tí ẹ gbà lọ náà lẹ máa gbà bọ̀, ẹsẹ̀ yín sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìdajì ọ̀nà yípo, iwájú jìn, ẹ̀yìn náà jìn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè àbùjá. Níbo ni mo ti lè gé ọ̀nà yìí kúrú, kí n já sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà, tàbí ibùdó rélùwéè míràn? Lójú tèmi, ọ̀nà tó ní àbùjá dára ju èyí tó rẹwà jù ú lọ ṣùgbọ́n tí kò ní, pàápàá nígbà tí ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá wà nínú ìrìn náà. Ẹni tó lọ́ra jù nínú yín ni kí ẹ fi yan ọ̀nà, ẹ má fi ẹni tó yára jù yàn án.

Lẹ́yìn àbùjá ni rélùwéè ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbèríko Jámánì, ẹyọ kan ní wákàtí kan ni rélùwéè sábà máa ń wá. Bọ́ọ̀sì abúlé ní tirẹ̀ lè má sí rárá ní ọjọ́ Àìkú.

Elzbach: igbó tútù àti ilé olódi tí ogun ò wó

Elzbach kì í ṣe odò ńlá. Láti òkè Eifel ló ti ń ṣàn bọ̀, ó sì wọ Mosel ní abúlé tí wọ́n ń pè ní Moselkern. Ohun tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni Burg Eltz, ilé olódi tó jókòó lórí àpáta kan tí odò náà yí ká ní ìhà mẹ́ta. Ó lé ní 850 ọdún tí ìdílé kan náà ti ni ín, ogun ò sì wó o rí. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Mosel àti Rhine, níbi tí ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ahoro. Nígbà kan, kí Yúrò tó dé, àwòrán rẹ̀ wà lára owó bébà 500 máàkì.

Ọ̀nà yípo méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Eltzer Burgpanorama, kìlómítà 12.6, tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí abúlé Wierschem lórí òkè. Wọ́n dìbò yàn án ní ọ̀nà ìrìn tó rẹwà jù ní Jámánì lọ́dún 2013. Pápá gbalasa ló fi bẹ̀rẹ̀, ojú á máa rí ilẹ̀ Eifel lọ títí, lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, sí ẹ̀bá omi, kí ilé olódi náà tó yọ. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n rélùwéè ò dé Wierschem, ẹni tó ní mọ́tò ló bá mu.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù, tó sì jẹ́ ti ẹni tó wọ rélùwéè wá. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní Moselkern, ẹ máa gba àárín ilé àwọn ará abúlé kọjá, Elzbach á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ojú títì ni lákọ̀ọ́kọ́, títí dé Ringelsteiner Mühle, ilé ọlọ àtijọ́ tó ti di ilé àlejò àti ilé oúnjẹ. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀dà tán. Ọ̀nà di erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi, ewé bò ó lórí, omi ń ké lórí òkúta ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín, atẹ́gùn sì tutù kódà bí oòrùn bá ń mú lókè. Ẹ máa rìn tó bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ láti ibùdó rélùwéè, igi nìkan lẹ ó máa rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á ṣẹ́ igun, ẹ ó gbé ojú sókè, ilé gogoro tó ní òrùlé ṣóńṣó á dúró síbẹ̀ lókè orí yín. Àwọn tó gbé mọ́tò sí òkè kò rí i báyìí. Àtòkè ni wọ́n ti ń wò ó sísàlẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bá odò wá ló máa lóye ìdí tí àwọn tó kọ́ ọ fi yan àpáta yẹn.

Ẹ má ṣe gbójú fo ahoro Trutzeltz lórí òkè kékeré tó dojú kọ ilé olódi náà. Balduin, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Trier, ló kọ́ ọ nígbà tó ń bá àwọn ará Eltz jà láàárín ọdún 1331 sí 1336. Ó kọ́ ilé ogun sí òkè orí wọn, ó sì ń ju òkúta lù wọ́n láti ibẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí ahoro yẹn tí ẹ sì wo bí Burg Eltz ṣe sún mọ́ tó, ẹ ò ní nílò ẹni tí yóò tún un ṣàlàyé fún yín.

Inú ilé náà ṣí láti bíi oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, afinimọ̀nà tó ń ṣàlàyé ló máa mú yín yíká, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò nínú ilé. Láàárọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ewé ń pọ́n, èrò á ti kún afárá tó wọ ẹnu ọ̀nà, ìlà tíkẹ́ẹ̀tì á sì ti gùn.

Láti parí yíyípo náà, ẹ gun òkè kúrò nínú àfonífojì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Müden lẹ́bàá Mosel, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ẹ̀bá odò padà sí Moselkern. Àbùjá ibẹ̀ ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Rélùwéè ojú irin kan náà ń dúró ní Müden, ẹni tó bá ti rẹ̀ lè wọkọ̀ níbẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọkọ̀ kékeré kan sì wà ní àsìkò tí ilé olódi bá ṣí, tó ń gbé ènìyàn láti ẹnu ilé náà lọ sókè níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú lè fi ìyẹn bọ́ nínú gígun òkè àkọ́kọ́.

Saar: ti ẹni tó fẹ́ làágùn

Ní Mettlach, ní ìpínlẹ̀ Saarland, òkúta líle kan dí odò Saar lọ́nà, odò náà sì ní láti lọ́ po kó tó ráàyè kọjá. Ó rìn tó bíi kìlómítà 10 láti sún iwájú ní kìlómítà 2 péré. Rélùwéè tó ń ti Saarbrücken bọ̀ kì í tiẹ̀ bá odò náà yípo. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè ló ń gbà já sí Mettlach. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè kọjá láì mọ ohun tó wà lókè orí rẹ̀.

Orúkọ ọ̀nà yípo náà ni Saarschleife Tafeltour, bíi kìlómítà 16, pẹ̀lú gígun òkè tó kọjá ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Mettlach, kí ẹ kọjá afárá sí Keuchingen ní òdìkejì, kí ẹ sì máa gòkè lọ sí Cloef ní abúlé Orscholz. Cloef ni orí àpáta tí gbogbo ènìyàn ti ń ya fọ́tò náà. Odò wà ní nǹkan bíi mítà 180 ní ìsàlẹ̀, ẹ ó rí apá òsì rẹ̀ àti apá ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ilẹ̀ olókè onígbó láàárín. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi ní Dreisbach. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni yóò gbé yín kọjá sí inú ibi tí odò lọ́ po náà. Ẹ ó sì tún gun òkè, lọ sí ahoro ilé olódi Montclair, kí ẹ tó bọ́ sí Mettlach. Balduin kan náà tó ń ju òkúta lu àwọn ará Eltz ló wó Montclair àkọ́kọ́ lọ́dún 1351.

Ọ̀nà yìí rẹwà gidi, ó sì le. Gígòkè Cloef nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, Montclair ṣì ń dúró níwájú, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti tutù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kì í rìn lójoojúmọ́ máa mọ̀ ọ́n lára ní ọjọ́ kejì. Wákàtí mẹ́fà ni mo máa ń ní kí ènìyàn yà sọ́tọ̀, kó lè rí àyè sinmi.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni ọkọ̀ ojú omi yẹn. Gbogbo yíyípo náà rọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, yálà nítorí àsìkò ọdún tàbí nítorí pé omi kún, ẹ ò ní lè kọjá, ẹ ó sì ní láti gba etí odò yí gbogbo ìlọ́po náà padà sí Mettlach. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé Dreisbach.

Síbẹ̀, ibí yìí kan náà ni mo máa mú ẹni tí kò lè rìn jìnnà wá. Bọ́ọ̀sì dé Orscholz, ọ̀nà tó dé Cloef láti ibẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá wo odò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà onípákó kan tí wọ́n gbé gba orí igi, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016, ó sì parí sí ilé ìṣọ́ onígi tó ga ní mítà 42. Owó ni wọ́n fi ń wọ èyí. Ọ̀nà náà kò ní àtẹ̀gùn, ó rọra ń gòkè ni, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àga oníkẹ̀kẹ́ lè dé òkè pátápátá. Bí màmá yín bá wá kí yín láti ilé, tí ẹsẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ máa rìn yípo, kí màmá fi bọ́ọ̀sì dé Orscholz, kí gbogbo yín pàdé lókè náà, kí ẹ jọ jẹun.

Altmühl: òkúta, àgùntàn àti oòrùn

Altmühl yàtọ̀ pátápátá. Odò tó lọ́ra ni, ó ń rìn tẹ̀lé àárín pápá koríko bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ, àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré sì pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó kò bo ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀. Àgùntàn ti ń jẹ koríko níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn ni kò jẹ́ kí igi gbà á. Koríko kúkurú àti igi kéékèèké oníṣóńṣó tí ẹran ò fẹ́ jẹ ló kù, òkúta ẹfun sì ń yọ orí láàárín wọn.

Láti ibùdó rélùwéè Solnhofen, ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí àwọn àpáta tí wọ́n ń pè ní Zwölf Apostel, ìyẹn Àpọ́sítélì Méjìlá, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lókè odò. Nígbà tí òkun bo ilẹ̀ yìí, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni wọ́n wà. Ẹ tẹ̀lé àmì pupa àti ìyeyè ti Altmühltal-Panoramaweg. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Eßlingen, ẹ ó sì gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ etí odò padà. Gbogbo rẹ̀ kò tó kìlómítà 10, gígòkè rẹ̀ ga ṣùgbọ́n kì í pẹ́, bí ẹ bá sì ti dé òkè, ibi tó tẹ́jú lẹ ó máa rìn fún ìgbà pípẹ́, àfonífojì á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín.

Ohun tí Elzbach àti Saar kò ní ni ọ̀rọ̀ òkúta yìí. Òkúta Solnhofen máa ń là pẹlẹbẹ bí ìwé. Ẹ wo òrùlé àwọn ilé àtijọ́ abúlé: òkúta náà ni wọ́n tò lérí ara wọn, ó wúwo, ó funfun, kò sì ní ìṣó. Òun ni Alois Senefelder lò ní nǹkan bíi ọdún 1796 sí 1798 nígbà tó hùmọ̀ ọ̀nà tí a fi ń tẹ àwòrán àti orin láti ara òkúta. Nínú òkúta agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti rí Archaeopteryx lọ́dún 1861, ẹranko tó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, tó sì ní eyín àti ìrù eléegun bí aláǹgbá. Egungun rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá mọ̀ ti lọ sí London, àwọn tiwa tó wà níbẹ̀ lè rí i ní Natural History Museum. Òmíràn wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Solnhofen fúnra rẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀ kí ẹ tó gun òkè. Ẹni tó bá ti rí ẹja àti edé inú òkúta tẹ́lẹ̀, ojú míràn ló máa fi wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

Ibí yìí kì í sú ọmọdé. Ní Eichstätt, tí kò jìnnà lórí ojú irin kan náà, ibi ìwakùsà kan wà ní Blumenberg tí àlejò lè yá òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n máa la òkúta fúnra wọn bóyá wọ́n á rí ẹ̀dá àtijọ́ nínú rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó kọ̀ láti rìn kìlómítà kan nínú igbó, tó fi gbogbo ọ̀sán la òkúta láì béèrè fóònù.

Àbùjá pọ̀ ní Altmühl ju ibi méjì yòókù lọ. Solnhofen, Dollnstein àti Pappenheim ni rélùwéè ti ń dúró, ẹni tí agbára rẹ̀ bá sì pọ̀ lè rìn láti ọ̀kan dé òmíràn dípò yíyípo. Àléébù rẹ̀ ni oòrùn. Òjìji ṣọ̀wọ́n lórí òkè yẹn, òkúta funfun náà sì ń dá ooru padà sójú. Ní ọ̀sán oṣù Keje, fìlà àti omi púpọ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju bàtà olówó ńlá lọ.

Bí a bá gbé wọn ko ara wọn lójú

Owó ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ya wọ́n. Deutschlandticket, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù fún ọkọ̀ agbègbè jákèjádò Jámánì, gbà ní gbogbo rélùwéè agbègbè tó dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yúrò 49 lóṣù ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó di 58 ní ọdún 2025, ó sì di 63 ní oṣù Kìíní ọdún 2026. Kò gbà nínú ICE àti IC, àwọn rélùwéè ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ibi tí ẹ ń gbé ló máa sọ èyí tó súnmọ́. Ẹni tó wà ní Koblenz tàbí Bonn, Elzbach ni tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Trier tàbí Saarbrücken kò tó wákàtí kan sí Mettlach. Solnhofen wà láàárín wákàtí méjì sí München àti sí Nürnberg.

Ní ti líle, Saar ló le jù, kò sí àríyànjiyàn. Elzbach wà láàárín: ọ̀nà rẹ̀ gùn díẹ̀, gbòǹgbò àti òkúta tútù lè yọ ènìyàn, ṣùgbọ́n etí omi ló ń gbà fún ìgbà pípẹ́. Altmühl ló rọrùn jù. Bí oòrùn bá ń mú gan-an, Elzbach ni kí ẹ gbà, nítorí igi. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi Elzbach sílẹ̀, ẹ lọ sí Altmühl. Ní ìgbà òtútù, ilé olódi Eltz tì, kò sì dájú pé ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi lórí Saar. Altmühl nìkan ni kò pàdánù nǹkan púpọ̀. Ẹ sì rántí pé nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ti ń wọ̀.

Oúnjẹ: Eltz ní ilé oúnjẹ nínú ilé olódi náà, Ringelsteiner Mühle sì wà lójú ọ̀nà. Saar ní Orscholz àti Mettlach, tí ilé ìpọntí kan wà níbẹ̀. Solnhofen kéré, kí ẹ gbé tiyín dání. Àmọ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé oúnjẹ abúlé máa ń ní ọjọ́ ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan kì í sì í gba káàdì. Owó bébà lápò, ìrẹsì nínú fílásíìkì, ọkàn á balẹ̀. Bẹ́ǹṣì ìsinmi pọ̀ lójú ọ̀nà tí ẹ lè jókòó sí, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín padà lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ nínú àfonífojì tó jìn, ẹ fi máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní ibi tí Wi-Fi wà. 112 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ méjì tí n kò lè fi sílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni eégbọn. Ó wà ní gbogbo igbó àti koríko Jámánì láti ìgbà tí òtútù bá ti ń lọ títí di ìgbà tí ewé bá wọ́ tán. Àrùn méjì ló ń gbé kiri. Ọ̀kan ni borreliosis, ó wà káàkiri, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn ń wò ó bí wọ́n bá tètè rí i. Ìkejì ni FSME, tó ń kọlu ọpọlọ, tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára onípele mẹ́ta, tí kò sì ní oògùn bó bá ti mú ènìyàn. Ìjọba ka Bavaria tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ibi tí FSME ti léwu, nítorí náà Altmühl gba ìṣọ́ra ju àwọn méjì yòókù lọ. Ẹni tó ń gbé lágbègbè bẹ́ẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ náà lọ́dọ̀ dókítà, ìbánigbófò ìlera á sì sanwó rẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Lálẹ́, ẹ yẹ ara wò dáadáa: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, abẹ́, ẹ̀yìn etí. Fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n di irun, ẹ fi ìka wá àárín ìlà irun náà, nítorí eégbọn kékeré kì í hàn lórí àwọ̀ dúdú bó ṣe ń hàn lórí àwọ̀ funfun.

Ìkejì ni omi. Ní ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Keje ọdún 2021, òjò mú kí odò Ahr kún, odò kékeré tó wà ní Eifel kan náà tí Elzbach ti ń ṣàn wá, ó sì gbẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 130 ní àfonífojì kan ṣoṣo yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń rìn létí rẹ̀ láti kékeré, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí odò jẹ́jẹ́. Bí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ bá kìlọ̀ pé òjò ńlá ń bọ̀, ẹ má wọ àfonífojì tóóró lọ. Ọ̀sẹ̀ míràn ń bọ̀.

Èwo wá ni tiyín?

Bí ẹ kò bá tíì rin irú ìrìn yìí rí, Elzbach láti Moselkern ni mo máa fi yín sí. Ó ní ohun tí ojú máa rí, ó ní igbó, ó ní oúnjẹ láàárín, ó sì ní ibùdó rélùwéè kejì fún ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ̀. Ẹ wọ rélùwéè àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ lè dé Burg Eltz kí àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò tó dé.

Bí àwọn ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá bá wà lẹ́yìn yín, Altmühl ni. Ẹ má wulẹ̀ rò ó pé bóyá wọ́n á lè rin Saar. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n rí àgùntàn, kí wọ́n ka àpáta náà bóyá lóòótọ́ ni wọ́n pé méjìlá, kí ẹ sì fi Eichstätt sí ọjọ́ míràn.

Saar ni fún ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tí ara wọn le, àti fún ẹbí tó fẹ́ pín ara rẹ̀ sí méjì, àwọn kan lórí ẹsẹ̀, àwọn kan nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó má lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí Cloef máa ń kún. Ṣùgbọ́n kété tí ẹ bá ti kúrò ní orí àpáta yẹn, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Dreisbach, èrò á tán lẹ́yìn yín. Àwọn díẹ̀ tí ẹ bá pàdé máa kí yín, kódà àwọn tí kì í wojú ẹni nínú bọ́ọ̀sì ìgboro. Ní Saar àti Elzbach, "Hallo" ti tó. Ní Altmühl, "Grüß Gott" ni wọ́n ń sọ. Ẹ má dúró kí wọ́n tó kọ́kọ́ kí yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ojú omi ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ bi, kí ẹ tó sọ gbogbo òkè náà kalẹ̀.